Dúróònù fún ìṣọ́ igbó ọba: kí ni ó lè rí, kí ni kò lè rí, ta ni yóò sì tẹ̀lé e dé ìdí igi?

Akọ̀wé-Abúlé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé kan tí ó fi ẹ̀yìn ti Igbó Ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ abúlé wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba fi dúróònù kékeré kan, ẹ̀rọ tí ń fò láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, ránṣẹ́ sí wa ní oṣù tí ó kọjá, ó ní kí a máa fi ṣọ́ igbó. Ẹ̀rọ náà ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, kámẹ́rà wà ní abẹ́ rẹ̀, bátìrì mẹ́ta ni ó sì bá a wá.

Igbó tí mo ń sọ yìí kì í ṣe kékeré. Ọdún 1925 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 130,500. Hẹ́kítà 460 nínú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan igi kankan níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni UNESCO sì kà mọ́ àwọn ibi àkànṣe tí a ń dáàbò bò ní àgbáyé ní ọdún 1977. Erin ṣì wà nínú igbó náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ agégi ni a máa ń gbọ́ lóru, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, a ó rí ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà, a kò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti gé igi náà gan-an.

Ọ̀dọ́ méjì ti kọ́ bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi irú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ nínú igbó rí pé kí ó sọ òtítọ́ fún wa, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí yóò dùn wá.

Ayàwòrán-Ilẹ̀:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ àti yíya àwòrán ilẹ̀ ni mo ń ṣe, mo sì ti gbé dúróònù wọ igbó ju ìgbà mélòó kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà.

Bátìrì kan kì í gbé irú ẹ̀rọ tí ẹ júwe yẹn ju bí ìṣẹ́jú 30 lọ kí ó tó di dandan pé kí ó padà wálé. Bí ẹ bá gbé e dé gíga mítà 100, tí ẹ sì jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan gorí èyí tí ó tẹ̀lé e dáadáa, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ní iwájú, ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́, kí kọ̀ǹpútà lè so gbogbo wọn pọ̀ di àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo, a lè sọ pé hẹ́kítà 60 ni bátìrì kan yóò kó. Ẹ fi 60 pín 130,500, ìfò 2,175 ni ẹ ó rí. Pẹ̀lú bátìrì mẹ́ta lóòjọ́, láìsinmi, láìsí òjò, iṣẹ́ náà yóò tó ọdún méjì. Kí ẹ tó dé òpin igbó, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò ti yí padà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi dúróònù wá ibi tí wọ́n ti ń gé igi. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni ìyẹn. Àwọn sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń kọjá lórí ibì kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ojú kan tí ó kéré jù lọ nínú àwòrán wọn sì dúró fún ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 10 ní òòró àti ní ìbú, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ní àkókò òjò, Sentinel-1, tí ó ń lo rádà, máa ń rí ilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú-òpó Global Forest Watch, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2014, ń kó irú ìkìlọ̀ wọ̀nyí jọ, ẹ sì lè fi fóònù wò ó. Bí ẹ bá rí àmì ìkìlọ̀ kan ní ìtòsí abúlé yín, ìgbà náà ni kí ẹ gbé dúróònù lọ wò ó, nítorí pé sátẹ́láìtì á sọ fún yín pé igi dín kù níbẹ̀, dúróònù ni yóò sì fi hàn yín bóyá ìjì ni ó wó o, tàbí ayùn, tàbí ọkọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ kò gbọdọ̀ fò ó láìgba àṣẹ. Àjọ tí ń mójú tó ìrìn ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, NCAA, ní òfin tirẹ̀, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò náà sì ní láti fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe kọjá ẹsẹ̀ bàtà 400, tí í ṣe nǹkan bíi mítà 120, kí ẹ sì máa fi ojú yín rí ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà. Pẹ̀lú bí ààbò ṣe rí nínú igbó wa lónìí, ẹni tí ó bá gbé dúróònù sókè láìsọ fún baálẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Bàbá Fọ́rẹ́sì:

Mo kí gbogbo yín. Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ igbó kí n tó fẹ̀yìn tì, ìparí rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí sì bá mi. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Oṣù kìíní ọdún ni, nínú ọyẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú ńlá tẹ́ àwòrán dúróònù síwájú mi, ó ti fi àmì pupa yí igi bíi 40 po, ó ní wọ́n ti kú, bóyá ẹnìkan ń da oró sí wọn ní ìdí. Mo ní kí ó fẹ àwòrán náà tóbi. Mo rí ẹ̀ka tí ó funfun bí eegun, tí ó ya sí ọ̀tún àti òsì, tí kò sí ewé kan ṣoṣo lórí rẹ̀, láàárín igi mìíràn tí wọ́n tutù minimini. Mo sọ fún un pé arère nìyẹn, ó ń wọ́wé ni, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Kò gbà mí gbọ́, n kò sì bá a jà, a jọ fi ẹsẹ̀ rìn ín fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí a dé ìdí igi àkọ́kọ́, ewé arère gbígbẹ ti mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo fi àdá ha èèpo igi náà díẹ̀, omi jáde. Igi tí ó yè ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni pé nígbà tí a ń padà bọ̀, kò tó igba ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀, a bá ara wa nínú oko kòkó tuntun. Wọn kò gé igi ńlá kankan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣán mọ́ tónítóní, wọ́n gbin kòkó tí kò ju orúnkún mi lọ sí abẹ́ ìbòòji, wọ́n sì ti ń ha èèpo igi ńlá yíká ní ìdí, èyí tí yóò mú kí wọ́n kú díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. A padà wo àwòrán, ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bíi pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Dúróònù fò kọjá lórí oko náà, kò rí i.

Nítorí náà, Akọ̀wé, orí igi ni ẹ̀rọ yín ń wò. Bí igbó ṣe ń kú lọ́dọ̀ wa, abẹ́ ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kejì kò gùn. Ọjọ́ kan wà tí a rí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní tòótọ́, àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé a ka pákó tí wọ́n tò. Ọkọ̀ ibi iṣẹ́ wa kò ní epo. Ọjọ́ kẹrin ni a débẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi àti agolo epo ni a bá. Kí ẹ tó fò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ ó pè sílẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ bóyá yóò lè dé láàárín wákàtí mélòó.

Ìyá Oníkòkó:

Akọ̀wé, ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún yín ṣe. Ọmọ mi obìnrin ni ó ń bá mi tẹ èyí. Inú ẹ̀rù ni mo ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ má bínú.

Nígbà tí ìjọba ń gbin mẹ́línà sínú igbó wọ̀nyí, tí wọ́n ní àwọn yóò fi ṣe bébà ní Ìwópin, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n kó wá. Wọ́n ní kí a máa gbin iṣu àti àgbàdo sí àárín igi kéékèèké, kí a máa bá wọn ro ó, tí igi bá dàgbà, kí a ṣí lọ sí abala mìíràn. Tọ́ńgíyà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi wà lára wọn. Bébà náà kò rí bí wọ́n ṣe wí, àwa sì ti bí ọmọ síbẹ̀, àwọn kan sì ti sin òbí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin ní igbó ọba ni. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń fẹ oko sí i lọ́dọọdún, n kò ní gbè wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ sókè, tí ó ya òrùlé mi àti ilẹ̀ tí mo ti ń kórè láti ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò mú àwòrán yẹn lọ́wọ́? Bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ lé wa, tí kò sì béèrè ìtàn wa, ẹ̀yin ọmọ wa ni ẹ ó ti ṣe é. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó gẹdú lóru kì í gbé inú igbó, àwòrán kò ní bá wọn nílé. Àwa ni yóò bá.

Mo tún fẹ́ béèrè: àwọn erin ti jẹ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí lè lé wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ẹranko:

Ìyá, ẹ kú ìrójú. Ìdáhùn ìbéèrè yín lórí erin rèé. Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde jáde ní ọdún 2017 pé dúróònù lé erin kúrò nínú oko, ní ẹ̀bá àwọn ọgbà ẹranko ibẹ̀. Àlàyé kan tí wọ́n ṣe ni pé ìró abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jọ ìró oyin, erin sì bẹ̀rù oyin gidigidi, nítorí pé ó máa ń ta wọ́n ní etí ojú àti nínú ọwọ́jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibẹ̀, ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ń rí erin, ó sì ń rí ibi tí ó ń sá lọ. Lọ́dọ̀ wa, erin igbó ni, ó máa ń rìn ní abẹ́ igi, bí ẹ bá lé e láìrí i, ó lè jẹ́ abúlé kejì ni ẹ ó lé e wọ̀. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ láìsí àwọn tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ erin ní Omo.

Mo tún bẹ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fò ó pé kí ẹ jìnnà sí hẹ́kítà 460 tí a yà sọ́tọ̀. Ẹranko lè má sá, kí àyà rẹ̀ sì máa já. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn sí ara béárì, àbájáde ọdún 2015 sì fi hàn pé nígbà tí dúróònù kọjá, ọkàn ọ̀kan nínú wọn kúrò ní 41 ní ìṣẹ́jú kan, ó di 162, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó ń wò ó láti òkèèrè yóò rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ kú ìjíròrò láti ìhà kejì ààlà. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà, ní agbègbè tí ó sún mọ́ igbó ìjọba Toui-Kilibo. Igbó tiwa yàtọ̀ sí tiyín: ọ̀dàn tí igi wà káàkiri rẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ ń dé ilẹ̀. Nítorí náà, ohun tí Bàbá Fọ́rẹ́sì sọ nípa abẹ́ igi kò fi bẹ́ẹ̀ dààmú wa. Dúróònù ń rí kùkùté lọ́dọ̀ wa. Ó ń rí ojú iná èédú, yíká dúdú tí koríko kì í tètè hù sí. Igi kósò, tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, ti wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó lè parun, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, síbẹ̀ wọ́n ń gé e. Bí ẹ̀rọ náà bá fò ní mítà 60, ẹ ó rí àpá ibi tí wọ́n ti wọ́ ìtì igi náà gba inú koríko lọ sí ojú ọ̀nà.

Ibi tí ó ti wúlò jù lọ fún wa ni oko tíìkì. Igi tí a tò sórí ìlà, ẹ̀rọ yóò kà á fún yín, àlàfo tí iná jẹ tàbí tí olè gé yóò sì hàn kedere. Ẹ̀yin tí ẹ ní mẹ́línà, ẹ lè ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́, nítorí pé ó rọrùn, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín jà lórí rẹ̀.

Ayàwòrán-Ilẹ̀:

Bàbá, mo dúpẹ́. N kò ní sẹ́ ọ̀rọ̀ oko abẹ́ ìbòòji. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ LiDAR, tí ń ju ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ láti inú àlàfo ewé, tí ó sì lè wọn gíga igi àti ojú ilẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti abúlé.

Ìyá Oníkòkó, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí Lian Pin Koh àti Serge Wich bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúróònù ṣọ́ igbó Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonesia ní ọdún 2012, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ kò tó dọ́là 2,000, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ń darí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ti gba á. Ní ìpínlẹ̀ Rondônia ní Bùràsíìlì, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Uru-Eu-Wau-Wau, tí ilẹ̀ wọn lé ní hẹ́kítà mílíọ̀nù 1.8, gba ẹ̀kọ́ dúróònù ní ìparí ọdún 2019 lọ́wọ́ Kanindé, ẹgbẹ́ kan ní Bùràsíìlì, àti WWF, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, wọ́n sì fi wá ibi tí àwọn ajagungbalẹ̀ ti ń pa igbó wọn. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ wà. Àwọn ni wọ́n ń pinnu ohun tí ó yẹ kí ìjọba rí.

Síbẹ̀, èrò mi ni pé bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, kí àwòrán rẹ̀ dé ọ́fíìsì igbó ní ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá ń dúró de ìpàdé abúlé, ọkọ̀ akẹ́rù yóò ti lọ.

Ìyá Oníkòkó:

Àwọn ará Bùràsíìlì tí ẹ sọ yẹn, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń ṣọ́, òfin sì mọ̀ wọ́n. Òfin kò mọ̀ mí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. N kò ní kí ẹ má mú àwòrán olè igi lọ, mo ní kí ẹ gé ti oko wa kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó mú un lọ.

Bàbá Fọ́rẹ́sì:

Ìyá wí ire, ọ̀nà sì wà. Ẹ mú fóònù tí ó ní GPS, kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí oko rẹ̀ po bí ó ṣe wà lónìí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí ó bá wà nínú ìlà yẹn, dúróònù kò gbọdọ̀ yà á fún ẹnikẹ́ni. Bí oko bá kọjá ìlà, ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pe onítọ̀hún. Èmi kò lè ṣèlérí pé ìjọba yóò ka ìlà náà sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé inú igbó ni wọ́n máa ń sọ ibi tí gẹdú wà fún mi, kò sí ẹ̀rọ tí ó tó wọn. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ọ̀tá, ẹ ti fọ́ ara yín lójú.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí oko abẹ́ ìbòòji, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan rìn. Ẹ fi dúróònù wo igi ńlá tí ewé rẹ̀ ń pọ́n láti ẹ̀ka òkè sísàlẹ̀ ní àkókò òjò, nígbà tí kò yẹ kí igi kankan máa wọ́wé. Irú rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítòsí ara wọn, wọ́n ti ha ìdí wọn nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ lọ.

Akọ̀wé-Abúlé:

A ṣe ìpàdé ní alẹ́ àná, mo sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sétí ìgbìmọ̀. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí rèé. A ti gbé dúróònù náà sínú àpótí ní ilé baálẹ̀ títí ìwé àṣẹ yóò fi jáde. Kí ó tó jáde, a ó máa fi fóònù yí oko po, ìdí ìrókò tí ó wà ní etí odò ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn àgbà fi ń ṣe ààlà. Lẹ́yìn náà ni a ó fò ó lórí mẹ́línà, bí Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti wí. Àwọn ọ̀dọ́ méjì náà ti fi Global Forest Watch sórí fóònù wọn, àmì méjì ti hàn sí ìhà àríwá wa, wọ́n sì ń bá àwọn ọdẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Lórí bóyá kí àwòrán lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, a kò tíì gbà fún ara wa. Àwọn àgbẹ̀ ń fẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìgbìmọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ní kí a má ṣe dúró. A ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn igi tí ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn ọmọ wa má ṣe kígbe òkú lórí igi tí ó yè.

Bàbá Fọ́rẹ́sì:

Arère, ìrókò, afàrà, ìdígbó àti àràbà. Ìrókò kan lè wọ́wé kí èkejì rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má tíì wọ́, èyí kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣàìsàn. Ti àràbà, ẹ ṣọ́ra fún un: nígbà tí kò ní ewé lórí ni èso rẹ̀ máa ń là, tí òwú rẹ̀ yóò sì bo ẹ̀ka. Láti òkè, funfun náà jọ èéfín gan-an. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni pé iná ń jó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú kan, bí funfun náà kò bá kúrò níbi tí ó wà, òwú ni.